Ààlè àti Òfin Igbó: Ìtàn Ohun Tí Ó Lalẹ̀ Hù Láàárín Àwọn Ará Òkè ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí: ta ni ó ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn? Nínú àwọn ìwé tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè náà kò ṣòro. Igi, ewé, èso àti ìtàkùn tí ó bá lalẹ̀ hù nínú igbó kò ní olóhun, nítorí náà ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe alábòójútó wọn. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ìtàn ni a ti gba ìdáhùn yìí wọlé láìtú u wò. Bí a bá ń kọ̀wé lórí ètò ọrọ̀-ajé ilẹ̀ Yorùbá, epo, èkùrọ́, òwú àti kòkó ni a máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí àwọn obìnrin ń rù láti inú igbó wá sí ọjà kì í sí nínú ìṣirò wa, àfi bí ọkọ̀ ojú omi bá kó o lọ sí Liverpool.

Àwọn ará òkè ni a yàn láti fi dáhùn ìbéèrè yìí. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ará Èkó máa ń pè ní ‘ará òkè’ ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe àwọn tí ó tẹ̀dó sórí òkè tàbí sí ẹsẹ̀ òkè gan-an: àwọn ará Ìdànrè, àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí àpáta yí ká, àti àwọn tí ogun lé gun Òkè Ìbàdàn ní àtijọ́. Ìdí tí a fi yàn wọ́n kò fara sin. Erùpẹ̀ orí àpáta kò nípọn, oko wọn sì sábà máa ń wà ní àfonífojì. Bí ogun bá dó ti irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọ̀nà oko ni ó kọ́kọ́ ń dí. Igbó tí ó wà lára òkè àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni àká kejì fún wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, èyí tí ó lé ní 600, yóò ti rí i bí igbó ti ń dí gátagàta ní gbogbo ibi tí àpáta bá ti fi àyè sílẹ̀ fún omi àti erùpẹ̀. P. W. Richards ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ewéko òkè náà nínú ìwé àtìgbàdégbà Journal of Ecology ní 1957. Ewéko ni ó bá lọ. Àwọn tí ń jẹ ewéko náà kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni.

Èso Òro

Ìtàn Ìbàdàn sọ fún wa bí àwọn ará Ìbàdàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣe sá gun òkè nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn. Lágelú ni olórí wọn. Wọn kò ní oko lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè sọ̀kalẹ̀. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí wọn ró, ìkarahun ìgbín ni ó sì di ife fún wọn. Oríkì Ìbàdàn kò gbàgbé òro yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé ìgbín. Ọdún Òkè’Bàdàn sì ń rán àwọn ọmọ ìlú létí lọ́dọọdún. Ó jọ wá lójú pé ìlú tí agbára ogun rẹ̀ kò láfiwé ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 kò fi ìyà yìí pamọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi èso igbó ki ara wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán ni èyí, àti pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó lè wọ àwọn olùgbọ́ létí láti ìran dé ìran, ó ní láti bá ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ mu. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ènìyàn lè jẹ òro kí ó sì yè. Lórí kókó yìí, a kò nílò ọdún kankan kí a tó lè lo ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òro fúnra rẹ̀. Igi ńlá ni, òun ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Irvingia. Ìgbà òjò ni èso rẹ̀ máa ń já bọ́, nígbà tí iṣu èṣí ti ń tán nínú àká tí tuntun kò sì tíì tó wà. Ọmọdé lè mú un ní ilẹ̀ kí ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ inú kóró rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ààpọ̀n, ni ọrọ̀ tí ó wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin a kó èso náà jọ sí ojú kan, wọn a jẹ́ kí ara rẹ̀ rà, wọn a wá fi àdá la kóró náà sí méjì, wọn a yọ ọmọ inú rẹ̀, wọn a sì sá a sí oòrùn. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni, ó sì ń gé ni lọ́wọ́. Ààpọ̀n tí ó bá gbẹ dáadáa kì í tètè bàjẹ́. A lè tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilá àti ẹ̀fọ́ ti wọ́n. Bí a bá lọ̀ ọ́ sí ọbẹ̀, yóò yọ̀ bí ilá, yóò sì fún ọbẹ̀ náà ní ọ̀rá. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé ó ń gbé oúnjẹ láti ìgbà kan dé ìgbà mìíràn. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ‘oúnjẹ ìyàn’ kò tíì wò ó dé ìdí, nítorí pé ìyàn kì í ní ètò.

Òro kì í ṣe òun nìkan. Inú igbó kan náà ni ìyèrè àti èèrù ti ń wá fún ọbẹ̀ abiyamọ, ibẹ̀ ni orógbó àti orin ata wà, ibẹ̀ ni ẹ̀lú tí àwọn aláró ń lò ti ń fà mọ́ igi, ibẹ̀ sì ni a ti ń já ewé eéran àti gbódógì tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ebòlò àti wọ̀ròwọ́ kò tilẹ̀ nílò igbó ńlá; etí omi àti ibòji tó fún wọn. Bí a bá ní kí a máa ka gbogbo wọn, ilẹ̀ yóò ṣú.

Ẹni tí ó so ààlè

Nísinsìnyí a ó padà sí ìbéèrè wa. Ẹni tí ó bá rìn nínú igbó lè bá igi kan tí a so àkísà mọ́, tàbí kùùkù àgbàdo, tàbí ìgbálẹ̀ tí ó ti jẹ tán, tàbí ìkarahun ìgbín tí ó fọ́. Ààlè ni. Yorùbá kò ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọn tó lè kà á: ohun yìí ní olóhun, ẹni tí ó bá sì mú un láìgba àṣẹ, kí ayé rẹ̀ rí bí ohun tí a so mọ́ ọn yìí. Olè tí ó bá rí àkísà náà ń wo ọjọ́ iwájú ara rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ni ibi tí a ń so ààlè mọ́ àti ibi tí a kì í so ó mọ́. Ẹ̀fọ́ igbó, ewé àti igi gbígbẹ wà fún gbogbo ọmọ ìlú. Ẹnikẹ́ni kì í so ààlè mọ́ ebòlò. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ti ṣẹ́ igi ìdáná, tí ó sì tò ó jọ sí ojú kan, ó lè so ààlè mọ́ ọn, igi náà sì ti di tirẹ̀ nítorí òógùn rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi tí ń so èso yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìdílé tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni igbá tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, òun náà ni ó sì ni ọ̀pẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Igbó Orò àti igbó òrìṣà tún wà lọ́tọ̀, níbi tí a kì í ti já ewé lásán. Nítorí náà, láàárín ‘ti gbogbo wa’ àti ‘ti èmi nìkan’, ọ̀nà púpọ̀ ni ó wà, gbogbo rẹ̀ sì yé àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀.

Kí a má baà ṣì wá gbọ́, a kò sọ pé àwọn baba ńlá wa kì í ba igbó jẹ́. Ẹni tí ebi bá ń pa yóò gé ohun tí ó bá lè gé. Ààlè pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò wúlò àfi níbi tí ẹni tí ń kọjá bá ti lè kà á, tí ó sì bẹ̀rù rẹ̀. Àlejò tí kò mọ ohun tí àkísà ń sọ yóò rò pé atẹ́gùn ni ó gbé e wá síbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún 19, irú àlejò bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú igbó wa.

Ìrẹ́ àti Ọdún 1895

Kì í ṣe ìgbà náà ni ọjà òkèèrè kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn igbó yìí. Ní 1486 ni João Afonso de Aveiro, ará Pọtogí, dé Benin, nínú ohun tí ó sì gbé padà sílé ni ata onírù kan wà. Ìyèrè tiwa ni. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Flanders láti fi dán ọjà wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà India ti là fún àwọn Pọtogí, ọba wọn kò fẹ́ kí ata Áfíríkà máa bá ata India du ọjà mọ́, ó sì dá òwò náà dúró. Ìyèrè padà sínú ọbẹ̀ abiyamọ. Òwò náà kò pa ìtàkùn rẹ̀ run, nítorí pé èso ni wọ́n ń rà.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Igi gíga ni ìrẹ́, Funtumia elastica ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bí a bá sá a lára, oje funfun yóò máa sun jáde, oje yìí sì ni rọ́bà. Láti ìgbà tí Dunlop ti ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ ní 1888, tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ti tán láyé, gbogbo ibi tí oje rọ́bà bá wà ni àwọn oníṣòwò ń wá. Gómìnà Moloney ti dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bút-Mẹ́tà ní 1887, ó sì ti kọ ìwé lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ìgbà Gómìnà Carter, ní 1894, ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dé láti ilẹ̀ Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ igi ìrẹ́ lára nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn a fi ọ̀bẹ la ojú ọ̀nà kan tààrà láti òkè igi wá sí ìsàlẹ̀, wọn a wá kọ ọ̀nà kéékèèké sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀, bí egungun ẹja. Oje yóò máa ṣàn wọ inú ọ̀nà ńlá, yóò sì kán sínú igbá ní ìdí igi. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan a sè é lórí iná. Àwọn mìíràn a gbẹ́ ihò gbọọrọ sínú ìtì igi tí ó ti wó, wọn a da oje sínú rẹ̀, wọn a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì títí tí yóò fi dì. Bí a bá kọ igi lára níwọ̀nba tí a sì fún un láyè kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jinná, yóò tún ní oje. Bí a bá kọ ọ́ yíká, tí a sì tún padà sídìí rẹ̀ kí ó tó jinná, yóò kú.

Wọn kò fún un láyè. Ní 1894, rọ́bà tí ó jáde láti Èkó kò tó nǹkan. Ní 1895, ó lé ní 5,000,000 pọ́n-ùn ìwọ̀n. Ní 1896 ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, òwò náà ti wọmi, nítorí pé igi tí ó wà nítòsí ti kú lóòró. A lè rí ìṣirò wọ̀nyí nínú ìwé ìjọba. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba ni ìdílé tí igi kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ wọn.

Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ kò ṣàdédé. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni wọ́n tó tú àwọn ibùdó ogun ká. Èrò tiwa ni pé ogun tí ó parí yìí ṣe ohun méjì fún òwò ìrẹ́: ó ṣí ọ̀nà igbó sílẹ̀, ó sì sọ ọ̀dọ́mọkùnrin púpọ̀ di ẹni tí ń wá iṣẹ́. Àwọn igbó Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, tí ẹ̀rù ogun ti ṣọ́ láti ọdún pípẹ́, wá di ibi tí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọ̀bẹ lè wọ̀. Àwọn tí ó wá láti òkèèrè kò lè ka ààlè. Àwọn ọmọ ilé tí ó lè kà á rí i pé bí àwọn bá bọ̀wọ̀ fún un, àlejò ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Báyìí ni ààlè ṣe dákẹ́ lára igi ìrẹ́.

Ààlè Ìjọba

Lẹ́yìn tí igi ti kú ni òfin dé. Ní 1897, nígbà tí ìjọba Èkó gbé àbá òfin igbó jáde, àwọn ènìyàn pàtàkì ní Èkó àti àwọn ìwé ìròyìn wọn takò ó gidigidi, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá gba igbó ti ń na ọwọ́ sí ilẹ̀. Síbẹ̀, ní 1899, wọ́n ti ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ ní etí odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ilẹ̀ olókè ni. Ní 1903, H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma, dé láti wá ṣe olórí iṣẹ́ náà ní Gúúsù Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí ni igbó ọba ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi dé agbègbè Àkúrẹ́ àti Ìdànrè.

A kò fẹ́ kí a dájọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lójúsàájú. Ohun tí wọ́n rí ní 1895 bà wọ́n lẹ́rù, ó sì yẹ kí ó bà wọ́n lẹ́rù. Bí a bá sì wò ó dáadáa, òpó ààlà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ jẹ́ irú ààlè kan: ó ń sọ pé ohun yìí ní olóhun. Ìyàtọ̀ wà ní ibi mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹni tí ó so ààlè ń gbé nítòsí, a sì lè lọ bẹ̀ ẹ́. Olóhun tí òpó ààlà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Ààlè ń ti ohun kan, ó ń fi èkejì sílẹ̀. Ààlà igbó ọba ti gbogbo rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ni a tó kọ àwọn àǹfààní tí a fi sílẹ̀ fún ará abúlé sínú ìwé. Ẹ̀kẹta ni ó sì kan iṣẹ́ wa jù lọ. Nínú èdè àwọn òṣìṣẹ́ igbó, gẹdú ni ọrọ̀ igbó. Ewé, èso, ìtàkùn, egbòogi àti oyin ni ‘ohun kéékèèké inú igbó’. Ta ni wọ́n kéré lójú rẹ̀? Kò dájú pé wọ́n kéré lójú obìnrin tí ó ń fi ààpọ̀n rẹ̀ ra aṣọ fún ọmọ.

Rọ́bà ìrẹ́ kò tún padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbìyànjú láti mú kí àwọn ará abúlé gbìn ín, pàápàá ní agbègbè Benin. Ṣùgbọ́n igi rọ́bà mìíràn, tí Wickham kó èso rẹ̀ kúrò ní Brazil ní 1876, ti ń so owó ní Malaya, kò sì sí bí igi inú igbó ṣe lè bá a díje. Kòkó ni ó kún àlàfo náà. Ní àwọn ọdún 1920 sí 1930, àwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti oko kòkó wà. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lórí òkè, wọ́n sì ń gòkè lọ ṣe ọdún. Ṣùgbọ́n igbó tí ó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé fún ìyá wọn ti di kòkó ní apá kan, ó ti di igbó ọba ní apá kejì. Gẹdú ni wọ́n sì gé nínú apá kejì yìí.

Ewé Eéran

Ohun kan ṣì kù tí kò kúrò lójú ọjà, èyí ni ewé eéran. Àwọn kan ń pè é ní ewé mọ́ínmọ́ín. Kò ní igi. Láti inú ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń yọ lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, lábẹ́ òjìji igi ńlá. Èso pupa rẹ̀ wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdí rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo kóró inú èso náà sì dùn débi pé ẹni tí ó bá lá a, ohunkóhun tí ó bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó ń bá ìyá wọn já ewé ni ó mọ èyí jù. W. F. Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, àwọn onímọ̀ ewéko sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́: Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, van der Wel àti Loeve yọ ohun adùn náà jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó fi ìlọ́po bí 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle tà á nígbà kan lábẹ́ orúkọ Talin, láti inú èso tí wọ́n kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Báyìí ni ọjà òkèèrè tún kan ilẹ̀kùn igbó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún gba inú ìwé kọjá láìka orúkọ àwọn tí ó ti mọ ewé náà tẹ́lẹ̀. A kò sọ pé èyí burú tó ti 1895. Èso ni wọ́n ń kó, ewéko náà kò kú. Ohun tí ó ń lé ewé eéran sẹ́yìn ní tiwa ni pípa tí a ń pa igbó tí ń ṣíji bò ó, àti ọ̀rá tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín báyìí. Síbẹ̀ àwọn eléwé ṣì ń di í ní ìdì-ìdì wá sí ọjà, wọ́n sì mọ igbó tí ìdì kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ní Ìdànrè, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó gbé orí òkè ni a lè bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ mú iṣẹ́ yìí síwájú, kí ó má ṣe kọ́kọ́ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń tà. Igi òro wo ni ìyá yín máa ń lọ ṣà nídìí rẹ̀? Ta ni ó lè so ààlè mọ́ ọn? Ọdún wo ni àkísà ibẹ̀ já bọ́ tí ẹnikẹ́ni kò so òmíràn mọ́ ọn?